Iṣẹ́ kóòṣì ìlera ọpọlọ látorí fóònù: ìbéèrè àwọn tó níṣẹ́ míì lọ́wọ́

Àwọn tó máa ń bi mí nípa iṣẹ́ yìí jù ni tíṣà, nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ báǹkì, àti àwọn èèyàn wa tó wà lókè òkun. Kò sí èyí tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ nínú wọn. Wákàtí díẹ̀ lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń wá, kí wọ́n máa ṣe é nínú ilé, kí owó díẹ̀ sì máa tibẹ̀ yọ. Bí èmi náà ṣe ń ṣe é nìyẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ oṣù. Mo kó ìbéèrè wọn jọ síbí. Èyí tí kò bá kàn yín, ẹ fò ó.

Kí ni kóòṣì ìlera ọpọlọ ń ṣe gan-an?

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ àmọ́ tó ṣì ń jí lọ síbi iṣẹ́ ni oníbàárà wa. Obìnrin tí oorun rẹ̀ dàrú látìgbà tí wọ́n ti gbé ọ̀gá tuntun wá síbi iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Manchester, tí kò rí ẹni bá sọ Yorùbá látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Bàbá tí gbèsè ń lé kiri, tó wá ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ nílé. Ẹ ó tẹ́tí sí i, ẹ ó bi í láwọn ìbéèrè tó máa jẹ́ kó rí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kedere, ẹ ó jọ mú ohun kékeré kan tó lè ṣe kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Tẹ́ ẹ bá tún pàdé, ẹ ó béèrè bó ṣe lọ.

Kóòṣì kì í sọ pé àìsàn báyìí ló ń ṣe ẹnì kan. Kì í kọ oògùn fúnni, kì í sì í ní kí ẹni tó ń lo oògùn dá a dúró, kódà bí oògùn ọ̀hún bá ń mú un sùn lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀dọ̀ dókítà tó kọ ọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn ń lọ. Bó bá jẹ́ ìyà tó jẹ ẹ́ ní kékeré ló ń dà á láàmú, tàbí ìfipábánilòpọ̀, tàbí jàǹbá tó ń rí lójú oorun lálaalẹ́, ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú nínú ìmọ̀ sàíkọ́lọ́jì ló ni ín. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo máa sọ nísàlẹ̀ dá lórí ibi tí ààlà yẹn wà.

Mi ò kàwé ìṣègùn. Ṣé mo lè ṣe é?

Ẹ lè ṣe é. Ní Harare lórílẹ̀-èdè Zimbabwe, dókítà ọpọlọ kan tó ń jẹ́ Dixon Chibanda rí i lọ́dún 2006 pé dókítà bíi tòun kò tó nǹkan, àwọn tí ìrònú ń dà láàmú sì pọ̀. Àwọn ìyá àgbà àdúgbò ló lọ bá. Wọ́n kọ́ wọn níṣẹ́, wọ́n gbé bẹ́ǹṣì sínú ọgbà ilé ìwòsàn kékeré, àwọn ìyá yìí sì ń jókòó ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ wúwo, wọ́n ń bá a tú ìṣòro rẹ̀ palẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dán iṣẹ́ náà wò, èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2016: lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì fúyẹ́ ju ti àwọn tó gba irú ìtọ́jú tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ní ètò kan tó fara pẹ́ ẹ, Problem Management Plus, ìjókòó márùn-ún péré, tí ẹni tí kì í ṣe dókítà lè kọ́ kó sì máa ṣe.

Ohun tí wọ́n máa ń gbàgbé nínú ìtàn àwọn ìyá àgbà yìí ni pé wọn kò dá a ṣe. Wọ́n ní ìwé ìbéèrè tí wọ́n ń bi gbogbo ẹni tó bá wá. Wọ́n ní alábòójútó, ẹni tó mọ iṣẹ́ náà jù wọ́n lọ, tí wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ tó bá ta kókó lọ bá. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá le ju tiwọn lọ, wọ́n mọ ẹni tí wọ́n máa fà á lé lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, kì í ṣe iṣẹ́ tiwọn ló ń ṣe, bó ti wù kó mọ ọ̀rọ̀ sọ tó.

Ìwé ẹ̀rí wo ló yẹ kí n gbà?

Kò sí òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má pe ara rẹ̀ ní kóòṣì, yálà ní Nàìjíríà, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ní Amẹ́ríkà. Ìdí nìyẹn tí ìwé ẹ̀rí ọlọ́jọ́ méjì fi kún orí Instagram. Èyí táwọn tó ń gbani síṣẹ́ sábà máa ń béèrè ni ti International Coaching Federation, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1995. Ìpele àkọ́kọ́ wọn, ACC, ń béèrè ẹ̀kọ́ wákàtí 60 ó kéré tán, àti wákàtí 100 tẹ́ ẹ ti fi bá oníbàárà ṣiṣẹ́. Èyí tó tẹ̀ lé e, PCC, ń béèrè 125 àti 500. Ní Amẹ́ríkà, ìdánwò wà tí National Board for Health and Wellness Coaching ń ṣe pẹ̀lú àjọ tó ń dán àwọn dókítà wò, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti ṣe ìjókòó 50 kẹ́ ẹ tó wọlé ìdánwò náà. Kò sí èyí tó dá lórí ìlera ọpọlọ nìkan nínú méjèèjì o. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ ka ìwé ìrànwọ́ àkọ́kọ́ fún ẹni tí ìdààmú bá, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2011. Ọ̀fẹ́ ni.

Ohun kan tí mo rí: nọ́ọ̀sì àti tíṣà ló máa ń yára kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, àwọn náà ló sì máa ń pẹ́ kí wọ́n tó lè panu mọ́. Ìtọ́ni ti mọ́ wọn lẹ́nu.

Àwọn èèyàn wa máa ń fẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Báwo ni mo ṣe ń ṣe é?

Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ fún àwọn òyìnbó kì í ti í tó wa lò. Nínú ìwé wọn, bí oníbàárà bá béèrè ìmọ̀ràn, kẹ́ ẹ dá ìbéèrè padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò pẹ̀lú àgbà Yorùbá kẹ́ ẹ rí i.

Ẹ jẹ́ ká ní ìyá kan tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà pè yín láti Òṣogbo. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà ní Toronto, kì í pè é bíi tàtijọ́ mọ́, ìyá kò sì rí oorun sùn. Ẹgbẹ́ ọmọ yẹn lẹ̀yin náà.

"Ọmọ mi, ìwọ tó o kọ́ iṣẹ́ yìí, sọ fún mi. Ṣé kí n pè é ni, àbí kí n fi í sílẹ̀?"

Bẹ́ ẹ bá ní "Mà, ẹ pè é," tí ọmọ náà wá sọ̀rọ̀ gbúngbùn sí i, ẹ̀yin lẹ fa ìyẹn. Bẹ́ ẹ bá ní "Kí lẹ̀yin fúnra yín rò pé ó yẹ kẹ́ ẹ ṣe?", á máa wò ó pé ẹ fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, tàbí pé ẹ ń fi ìmọ̀ pamọ́ fún òun lẹ́yìn tí òun ti sanwó. Ohun tí èmi máa ń sọ máa ń lọ báyìí:

"Ẹ ṣé Mà, tẹ́ ẹ fọkàn tán mi. Mi ò tó ẹni tó ń kọ́ yín bẹ́ ẹ ṣe máa bá ọmọ yín sọ̀rọ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bi yín: ìgbà tẹ́ ẹ jọ sọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ ẹ̀yin méjèèjì kẹ́yìn, kí lẹ sọ?"

Ó ronú díẹ̀. "Ọjọ́ tó fẹ́ se gbẹ̀gìrì ni. Ó ní ẹ̀wà rẹ̀ kò dà bíi tèmi."

Láti ibẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé gbogbo ìgbà tí òun bá pè báyìí, "o ò pè mí mọ́" ni òun fi ń bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun máa fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp nípa oúnjẹ, òun kò ní béèrè ìdí tí kò fi pè. Nígbà tẹ́ ẹ sì béèrè bí alẹ́ rẹ̀ ṣe ń rí, ẹ rí i pé ó ń gbé fóònù sí àyà dé aago kan òru, torí pé Toronto fi wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà wà lẹ́yìn wa, ìgbà tí ọmọ bá sì délé láti ibi iṣẹ́ ni ó ń retí. Ẹ jọ fẹnu kò pé fóònù á máa sùn ní pálọ̀ láti aago mẹ́wàá. Kò sí ìmọ̀ràn kankan tẹ́ ẹ fún un níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti jáde.

William Miller ló kọ́kọ́ kọ nípa irú ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 1983, látinú iṣẹ́ tó ń ṣe pẹ̀lú àwọn tí ọtí ti dì mú, òun àti Stephen Rollnick sì wá mú un gbòòrò. Ìmọ̀ wọn kò le: ìdí tí èèyàn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ máa ń pẹ́ lọ́kàn rẹ̀ ju èyí tí wọ́n fi rọ̀ ọ́ lọ. Bí ẹ bá ní ohun kan tẹ́ ẹ mọ̀ tó lè wúlò, ẹ tọrọ àyè: "Ṣé kí n sọ ohun tó ti ran àwọn míì lọ́wọ́, Mà?" Kò sí àgbà tó máa ní rárá.

Lórí ọ̀wọ̀, gbogbo oníbàárà ni mo máa ń sọ "ẹ" fún, títí kan ọmọ ọdún mọ́kànlélógún. Bí wọ́n bá ní kí n máa sọ "o", mo máa ń gbà. Àwọn kan á máa pè yín ní Dọ́kítà. Ẹ máa sọ fún wọn pé ẹ kì í ṣe dókítà nígbàkígbà tí wọ́n bá pè yín bẹ́ẹ̀, kódà bó bá dùn létí.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti ju agbára mi lọ?

Àwọn kan hàn gbangba: ẹni tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì kò gbọ́, ẹni tí kò sùn fún ọjọ́ mẹ́ta síbẹ̀ tí ara rẹ̀ yá gágá, tó ń ná owó tí kò ní, ẹni tí kò wẹ̀ mọ́, tí kò jẹun mọ́, ìyá ọmọ tuntun tó ń bẹ̀rù pé òun lè ṣe ọmọ náà léṣe, ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń lù, ẹni tí kò lè dáwọ́ ọtí tàbí kódíìnì dúró. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìjókòó kankan lórí ìwọ̀nyí. Ẹ wá ẹni tó yẹ fún wọn.

Èyí tó le ni ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Fún un, ìwé ìbéèrè ló ń ranni lọ́wọ́. Èyí tí mo ń lò ni PHQ-9: ìbéèrè mẹ́sàn-án nípa ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, òǹkà kọ̀ọ̀kan láti òdo sí mẹ́ta, 27 ni gbogbo rẹ̀. Láti 10 sókè, mo máa ń ní kí onítọ̀hún lọ rí dókítà. Ìbéèrè kẹsàn-án dá lórí èrò ikú tàbí ìpara-ẹni-lára, èyíkéyìí tí kì í bá ti ṣe òdo níbẹ̀, ohun tá a ní lọ́kàn láti sọ lọ́jọ́ yẹn ti yí padà nìyẹn. Ìwé yìí kò sọ pé àìsàn kan wà o, ó kàn ń tọ́ka ibi tó yẹ kí wọ́n wò ni.

Ẹ tún tẹ́tí sí bí àwọn tiwa ṣe ń ròyìn. Ọ̀pọ̀ kò ní sọ pé inú àwọn kò dùn. "Orí mi ń gbóná." "Nǹkan kan ń rìn nínú agbárí mi." "Àyà mi ń já." Dókítà ọpọlọ kan, Roger Makanjuola, kọ̀wé lọ́dún 1987 nípa ọdẹ orí láàárín àwa Yorùbá: ohun tó ń rìn lórí, ariwo létí, àyà jíjá, tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tàbí àìbalẹ̀ ọkàn sì máa ń bá a rìn. Ẹ má fi ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ní kó lọ wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, torí àìsàn ara lè fara jọ èyí, kẹ́ ẹ sì máa bá ìbéèrè yín lọ.

Lórí ikú, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ní ẹ̀bá ọ̀rọ̀. "Ayé sú mi." "Kí Ọlọ́run kúkú wá mú mi." Bí onígbèsè tí owó ẹgbẹ́ ajọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ bá sọ fún yín pé ikú yá ju ẹ̀sín, ẹ má gbà á bí òwe. Ẹ bi í ní tààrà, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́: "Ṣé ó ti wá sí yín lọ́kàn láti pa ara yín?" Ìbéèrè yẹn kò ní gbé èrò náà sí i lọ́kàn, àwọn tó ti ṣèwádìí rẹ̀ fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Ara máa ń tu ọ̀pọ̀ wọn pé ẹnì kan béèrè.

Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má pa fóònù. Ẹ béèrè ibi tó wà, ẹni tó wà nítòsí, àti bóyá ohun tó fẹ́ lò wà lárọ̀ọ́wọ́tó. Ẹ fi fóònù kejì pe ẹni tí oníbàárà fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé kẹ́ ẹ pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Nọ́ńbà pàjáwìrì: Èkó ní 112 àti 767. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 999, àti 111 tí wọ́n á ti tẹ 2 fún ọ̀rọ̀ ọpọlọ. Amẹ́ríkà ní 988 láti ọdún 2022. Ní ilé, Yábàá, Àró àti ẹ̀ka ọpọlọ ní UCH Ìbàdàn ni mo mọ̀ dáadáa. Ẹ má sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Abala 327 nínú ìwé òfin ọ̀daràn tá a jogún lọ́wọ́ òyìnbó ka ẹni tó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ sí arúfin, ẹ̀wọ̀n ọdún kan ló sì kọ síbẹ̀. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 ní ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ. Ìbẹ̀rù òfin àtijọ́ yẹn ló ń jẹ́ kí àwọn ẹbí máa purọ́ fún dókítà pé ṣe ni ẹni náà ṣèèṣì mu májèlé.

Ẹbí oníbàárà mi ní àwọn kò lè gbé e lọ sí Àró. Kí ni mo lè sọ?

Orúkọ ni wọ́n ń bẹ̀rù, nítorí pé èébú la fi ń ṣe láti kékeré. Ẹ sọ ìtàn ibẹ̀ fún wọn. Ọmọ Abẹ́òkúta, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, bẹ̀rẹ̀ ohun kan níbẹ̀ ní ọdún 1954 tí àwọn dókítà òkèèrè wá ń wò kọ́ṣe: àwọn aláìsàn ń gbé pẹ̀lú ẹbí wọn nínú abúlé tó yí Àró ká, wọ́n ń bá àwọn ará abúlé ṣe oko, wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú. Ó padà di igbákejì olórí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ẹ tún sọ pé lílọ rí dókítà fún wákàtí kan, kéèyàn sì padà sílé lọ jẹun alẹ́, ni ọ̀pọ̀ ń lọ ṣe níbẹ̀. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun náà, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023, ti rọ́pò òfin ayé òyìnbó tó ń pè wọ́n ní wèrè.

Èmi kì í bá wọn jiyàn lórí wòlíì tàbí aáfà. Bí wọ́n bá ní iṣẹ́ ayé ni, mo máa ń ní kí àdúrà máa lọ, kí dókítà náà máa lọ. Ibi kan ṣoṣo tí mo ti máa ń sọ̀rọ̀ líle ni bí wọ́n bá fẹ́ fi ẹ̀wọ̀n dè é, tàbí kí wọ́n fi ààwẹ̀ gba oògùn lẹ́nu rẹ̀.

Oníbàárà mélòó lọ́sẹ̀?

Mẹ́ta tàbí mẹ́rin fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Méjì lálẹ́ ọjọ́ kan, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ìdajì wákàtí sì wà láàárín wọn. Èmi ń ṣe Túsìdeè, Tọ́sìdeè àti àárọ̀ Sátidé. Ẹ ṣọ́ aago àwọn ará òkèèrè: aago wa kì í yí, tiwọn ń yí. London bá wa dọ́gba nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ó sì fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa nígbà òtútù. New York fi márùn-ún tàbí mẹ́fà wà lẹ́yìn, Houston mẹ́fà tàbí méje. Ẹni tó bá ń retí oníbàárà Houston "lẹ́yìn iṣẹ́" á jókòó dé ààjìn, á sì tún jí lọ síbi iṣẹ́ tirẹ̀ láàárọ̀.

Èló ló ń wọlé?

Ó kéré ju ohun tẹ́ ẹ rò lọ níbẹ̀rẹ̀. Ká ní ẹ gba ₦12,000 fún ìjókòó ìṣẹ́jú 50. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ka àkọsílẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti kọ tuntun, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún míì fún ọ̀rọ̀ tí oníbàárà máa fi ránṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀. Wákàtí kan ààbọ̀ nìyẹn, ìyẹn ni pé ₦8,000 ni wákàtí yín. A kò tíì yọ owó dátà, owó alábòójútó, àti ti ẹni tó sọ pé òun ń bọ̀ tí kò wá. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹni tí kò bá fagi lé e kó tó ku wákàtí 24, á san án.

Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi BetterUp àti Headspace ń gba kóòṣì. Headspace tilẹ̀ ní èyí tó jẹ́ pé àtẹ̀jíṣẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà ń béèrè pé kẹ́ ẹ máa gbé ibẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní àṣẹ iṣẹ́. Ẹ ka ìyẹn kẹ́ ẹ tó fi ọjọ́ mẹ́rin kọ̀wé. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó kí òun tó fún yín níṣẹ́, gbájúẹ̀ ni, ẹ sá.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní UK. Ṣé mo lè máa ṣe é?

Rárá, bó bá jẹ́ pé fúnra yín lẹ fẹ́ máa gba oníbàárà. Físà akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ kò gbà kéèyàn dá iṣẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀, wákàtí 20 lọ́sẹ̀ tí wọ́n sábà máa ń gbà ní àsìkò ẹ̀kọ́, iṣẹ́ ẹlòmíì ló wà fún. Kò sì sí ọgbọ́n nínú "Nàìjíríà ni wọ́n ti ń sanwó fún mi"; ibi tẹ́ ẹ jókòó sí lẹ ti ń ṣiṣẹ́. F-1, físà akẹ́kọ̀ọ́ ti Amẹ́ríkà, náà le bẹ́ẹ̀. Ẹni tí físà rẹ̀ bá gbà á ní UK, £1,000 àkọ́kọ́ tó bá wọlé nínú ọdún owó orí kan kò ní owó orí. Ní Nàìjíríà, láti oṣù kìíní ọdún 2026, ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún ni kò ní owó orí, àmọ́ owó oṣù yín àti èyí ni wọ́n máa pa pọ̀.

Iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ńkọ́? Ilé wa pẹ̀lú kò dákẹ́.

Ẹ má gbára lé fídíò. Ohùn nìkan ti tó, ẹlòmíì sì máa ń sọ òtítọ́ jù bí kò bá sẹ́ni tó ń wo ojú rẹ̀. Ẹ ní inverter kékeré tàbí power bank tó lè gbé fóònù àti MiFi, àti síìmù méjì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo máa ń sọ pé: "Bí ìlà bá já, èmi ni máa pè yín padà lórí fóònù lásán láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ má pè mí." Bí kò bá sí èyí, ẹ̀yin méjèèjì á máa pera yín, ìlà á sì máa dí.

Ti oníbàárà ló le jù. Inú mọ́tò tó dúró síwájú ilé ni àwọn kan ti ń bá mi sọ̀rọ̀, àwọn míì nínú ilé ìwẹ̀ tí ẹ̀rọ omi ń sá. Ìyàwó ilé tí ìyá ọkọ rẹ̀ wà ní pálọ̀ kò lè sọ̀rọ̀ ìyá ọkọ. A máa ń fẹnu kò lórí gbólóhùn kan. Bó bá sọ pé "Ẹ bá mi fi ẹ̀gúsí yẹn sílẹ̀ o", mo ti mọ̀ pé ẹnì kan ti wọlé. Mo máa ń dáhùn nípa ẹ̀gúsí títí ẹni yẹn á fi jáde, tàbí ká sún un sí ọjọ́ míì.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìjókòó kọ̀ọ̀kan, ẹ béèrè: "Ibo lẹ wà báyìí?" Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkíni o. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ lẹ máa darí ìrànwọ́ sí, àdírẹ́sì tó kọ sílẹ̀ lóṣù tó kọjá kò wúlò bó bá ti rìnrìn àjò.

Ṣé WhatsApp dára fún iṣẹ́ yìí?

Fún ká fi àkókò sí, bẹ́ẹ̀ ni. Fún ọ̀rọ̀ inú, mi ò fẹ́ ẹ. Fóònù àwa Yorùbá kì í ṣe ti ẹnì kan: ọmọ ń fi ṣeré, ọkọ ń fi pe èèyàn, ọ̀rọ̀ sì ń yọ lójú rẹ̀ lórí tábìlì oúnjẹ. Òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ohun tó gba ìṣọ́ra jù lọ. Àwọn ńlá pàápàá kò yọ sílẹ̀: ní ọdún 2023, ìjọba Amẹ́ríkà ní kí BetterHelp, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ìtọ́jú ọkàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, san mílíọ̀nù 7.8 dọ́là torí pé ó fi ọ̀rọ̀ ìlera àwọn oníbàárà ṣọwọ́ sí Facebook àti àwọn míì fún ìpolówó. Nínú àkọsílẹ̀ tèmi, kò sí orúkọ, lẹ́tà méjì ni. Ẹ má sì fi "ẹ̀rí" oníbàárà sí status, kódà bẹ́ ẹ bá yọ orúkọ. Ìjẹ̀bú mọ Ìjẹ̀bú.

Nítorí ìyẹn náà ni mi ò fi í gba ẹbí, ará ṣọ́ọ̀ṣì mi, tàbí ẹni tá a jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan.

Bí ọ̀rọ̀ wọn bá ń bá mi sùn ńkọ́?

Ẹ wá alábòójútó, kẹ́ ẹ máa sanwó fún un, lẹ́ẹ̀kan lóṣù ó kéré tán. Ọ̀rẹ́ kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn, torí ẹ kò gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ oníbàárà fún ọ̀rẹ́. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ yín, tàbí tí ìgbéyàwó yín ń mì, ẹ dá iṣẹ́ yìí dúró fún ìgbà kan. Àǹfààní tó wà nínú pé ẹ níṣẹ́ míì nìyẹn.

Oníbàárà mi kan ti gbádùn, àmọ́ kò fẹ́ lọ. Báwo ni mo ṣe ń parí rẹ̀?

Ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ ti máa parí rẹ̀. Mo máa ń kọ ìjókòó mẹ́fà tàbí mẹ́jọ sínú àdéhùn, ní ìjókòó tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn, màá béèrè ohun tó yí padà. Àwọn kan á ní "ẹ ti di ọmọ mi báyìí", wọ́n á fẹ́ máa fi ẹ̀bùn Kérésì ránṣẹ́, wọ́n á pè yín síbi ìgbéyàwó. Mo máa ń dúpẹ́, mi ò kí ń gba ẹ̀bùn, mi ò sì í lọ síbi ayẹyẹ. Mo máa ń fún wọn ní ìjókòó kan lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, tí a ó fi wò bí nǹkan ṣe ń lọ. Bí ọ̀rọ̀ tuntun bá wà nígbà yẹn, àdéhùn tuntun la máa kọ. Bí kò bá sí, ìṣẹ́jú ogún ti tó.